Ilé Ajá Lórí Ìsun Omi Wa

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹrin, 1983

Hester Iveson, ìyàwó mi, kú ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kejì ọdún yìí, ní nǹkan bí aago mẹ́fà ìdájí, nínú yàrá wa lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ọdún mọ́kànléláàádọ́ta la fi jẹ́ tọkọtaya. Mo ti sọ ọ́. Mi ò ní máa tún un sọ.

Marian, ọmọ mi àgbà, ló ní kí n máa jẹ́ kí wọ́n bá mi kọ ohun tó bá ń ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ títí ọ̀rọ̀ ilé ajá yìí á fi parí, nítorí pé mo máa ń gbàgbé ọjọ́, mo sì máa ń pariwo nínú ìpàdé. Mi ò mọ̀wé. Enid Thwaite, aládùúgbò mi, tó ṣiṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́ fún ọgbọ̀n ọdún, ló ń kọ ọ́. Mo ní kó kọ ọ́ bí mo bá ṣe sọ ọ́, kó má tún un ṣe. Ó ní òun á tún èyí tó bá jẹ́ èébú ṣe.

Ọ̀rọ̀ náà rèé. Wọ́n ti kan ìwé mọ́ géètì Pápá Gíga. Ẹgbẹ́ ọdẹ Aldermoor tó ń fi ajá lé kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ fẹ́ kó ilé ajá wọn wá síbẹ̀, nítorí pé títì tuntun máa gba ilẹ̀ tí wọ́n wà. Ọgọ́ta ajá ni, pẹ̀lú ilé tí wọ́n á ti máa kun òkú màlúù àti òkú àgùntàn fún oúnjẹ wọn. Òkè orí wa gan-an ni Pápá Gíga wà. Ihò kan wà láàárín rẹ̀ tó ń gbé omi mì. Gbogbo omi tó bá ṣàn lórí pápá náà, inú ihò yẹn ló ń wọ̀, ó sì ń jáde ní ìsun tó wà lẹ́yìn ilé mi. Ilé mẹ́rin là ń mu ún. Kò sí omi ẹ̀rọ níbí. Bí ẹ̀jẹ̀ àti ìgbẹ́ ajá bá wọ inú omi yẹn, wolé-wolé á ti ilé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pa.

Marian ti tún yàrá kan ṣe dè mí nílé rẹ̀ ní Leeds. Yàrá náà dára. Mi ò fẹ́ ẹ. Ibi tí Hester kú sí ni mo fẹ́ kú sí.

Bí mo ṣe ń sọ èyí, ajá ọdẹ méjì ń sùn lábẹ́ tábìlì, Ransom àti Rosy. Ajá ẹgbẹ́ ọdẹ Aldermoor ni wọ́n. Hester ló gbà wọ́n nígbà ìkórè láti bá wọn tọ́, bó ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún. Enid ní bóyá ká má kọ èyí. Mo ní kó kọ ọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹsàn-án

Òjò àti yìnyín. Èédú ti di pọ́n-ùn mẹ́rin àti ààbọ̀ àpò kan.

A ṣe ìpàdé ní gbọ̀ngàn abúlé wa, Skelby. Èèyàn mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wá, kò sì sí ẹni tó fẹ́ ilé ajá náà nínú wọn. Ṣùgbọ́n ilé méje nínú wa ló ní ọmọ ajá ẹgbẹ́ ọdẹ nílé báyìí, méjì méjì, tí a ń kọ́ wọn kí wọ́n má máa lé adìyẹ kí wọ́n sì mọ ọkọ̀ yà fún. Ó ṣòro kéèyàn dìde bínú sí ẹni tí ajá rẹ̀ ń sùn sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ẹni.

Méjọ̀ Lascombe, ọ̀gá ẹgbẹ́ ọdẹ, bá wa sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní omi Pápá Gíga kì í wá sọ́dọ̀ wa rárá, ẹ̀yìn òkè ló ń gbà lọ sínú odò Brant. Ó ní ìwé onímọ̀ wà lọ́wọ́ òun. Mo ní bàbá mi da ìyàngbò sínú ihò náà ní ọdún tí wọ́n bí mi, ó sì jáde lẹ́yìn ilé wa lẹ́yìn wákàtí mẹ́rìndínlógún. Ó bi mí bóyá bàbá mi kọ ọ́ sílẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo pariwo.

Nígbà tí mo parí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Iveson," ó ní, "àwọn ọmọ ajá wa yẹn ńkọ́?"

"Ara wọn le," ni mo sọ. "Ransom ti jẹ bàtà ìsìn mi."

Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Bí ìpàdé ṣe tú nìyẹn. Òtítọ́ ni mo sọ, òtítọ́ náà ló bà á jẹ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàlá

Mo ra àpò ìyàngbò óòtì kan, pọ́n-ùn kan àti ogún pẹ́ńsì. Mo gbé e gun òkè fúnra mi, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin. Omi tó ń wọ ihò náà pọ̀ nítorí òjò. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni mo dà á sí i. Ní ti ìrírí bàbá mi, aago mẹ́jọ àárọ̀ ọ̀la ló yẹ kó jáde.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá

Èèyàn mẹ́fà jókòó ti ìsun láti aago méje àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. A gbé àga wá. Enid gbé tíì wá. A ò rí ìyàngbò kan ṣoṣo. Mi ò lè jẹun.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Enid wá bá mi lẹ́yìn ìsìn, kò jókòó.

"Laban, mo ní ọ̀rọ̀ kan. Má bínú."

Ó ní òun pa pẹ́pẹ́yẹ kan fún oúnjẹ ọ̀sán. Ó ní nígbà tí òun la iwe rẹ̀, ìyàngbò óòtì ló kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Ó ní àwọn pẹ́pẹ́yẹ òun já jáde ní Ọjọ́bọ̀, ní aago márùn-ún ìdájí, orí ìsun ni òun sì ti lọ kó wọn, òun ò kàn rò ó. Omi ti yára ju ti ayé bàbá mi lọ nítorí òjò, àwọn pẹ́pẹ́yẹ sì ti gbá gbogbo rẹ̀ jẹ kí a tó gbé àga dé.

Mo ní kó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní òun ti ń kọ ọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkàndínlógún

A wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Enid gbé iwe pẹ́pẹ́yẹ náà lọ nínú ìgò ọtí kíkan. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ wa dáadáa, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbà láti wo inú ìgò náà. Nígbà tí a jáde, Enid ní òun ò mọ̀ pé èèyàn lè lọ sí yunifásítì kó sì máa bẹ̀rù pẹ́pẹ́yẹ. Mo rẹ́rìn-ín nínú bọ́ọ̀sì. Ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù Kejì nìyẹn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ ọgbọ̀n

Seth Horner, tó ń tọ́jú ajá ẹgbẹ́ ọdẹ, wá mú Ransom àti Rosy padà lọ sí Aldermoor lónìí, nítorí pé wọ́n ti dàgbà tó. Ó ṣí fìlà rẹ̀ kó tó wọlé. Òun àti Jean ìyàwó rẹ̀ wá sí ìsìnkú Hester, ẹ̀yìn gbogbo èèyàn ni wọ́n dúró sí. Mo fún un ní tíì àti búrẹ́dì.

"Ọ̀gbẹ́ni Iveson, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi," ó ní. "Èmi kọ́ ni mo yan Pápá Gíga."

Mo ní mo mọ̀. Ó wo inú kọ́ọ̀bù rẹ̀ títí. Ó wá sọ fún mi pé nínú ilé tí ẹgbẹ́ fún àwọn ní Aldermoor, inú ọpọ́n páànù níwájú iná ìdáná ni Jean ṣì ti ń wẹ̀, láti ọdún mọ́kàndínlógún. Ilé ìwẹ̀ wà nínú àwòrán ilé tuntun tí wọ́n fẹ́ kọ́ sí Pápá Gíga. Jean ti máa ń wo àwòrán náà.

Mi ò tíì rò ó rí pé ẹnìkan lè rí nǹkan gidi gbà nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ransom fò sínú ọkọ̀. Rosy jókòó sílẹ̀, kò dìde. Èmi ni mo gbé e wọ inú ọkọ̀. Ó ti wúwo.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù Karùn-ún

Òjò. Mo lọ tún ògiri òkúta Ọ̀gbẹ́ni Dent, àgbẹ̀ àdúgbò wa, mọ, ibi tí màlúù wó. Mítà méjì. Ọwọ́ mi ṣì mọ iṣẹ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlá

Lẹ́tà dé láti ìjọba ìbílẹ̀. Wọ́n ní kí ẹgbẹ́ ọdẹ gba onímọ̀ kan tí yóò da àwọ̀ sínú ihò náà, kí wọ́n lè rí ibi tí omi ń gbà jáde. Ọkùnrin ọ́fíìsì yẹn ti gbọ́ wa lóòótọ́. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ọkàn mi. Enid kò tọrọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹfà

Òjò ò rọ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Koríko gbó kó tó ga. Onímọ̀ náà dé, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, Dókítà Pym. Lúbúlúbú pupa ló dà sílẹ̀, bó ṣe kan omi ló di àwọ̀ ewé. Omi tó ń wọ ihò náà kéré débi pé ńṣe ni wọ́n fi ọkọ̀ gbé táńkì omi wá láti ṣàn án wọlé. Mo ní kó dúró de òjò. Ó ní ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n gba òun fún. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó mu omi wa, ó ní ó tutù ó sì dùn.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ ogún

Kò sí nǹkan kan ní ìsun wa. Kò sí nǹkan kan ní odò Brant. Dókítà Pym kó ẹrù rẹ̀. Ó kọ ọ́ pé òun ò rí ibi tí omi náà jáde sí. Méjọ̀ ti sọ ọ́ di pé kò wá sọ́dọ̀ wa.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlélógún

Marian pè mí lórí fóònù Enid. Ó ní, "Bàbá, yàrá yẹn ṣì wà nílẹ̀ o. Kò pọn dandan kẹ́ ẹ máa dá jìyà."

Mo ní kó gbọ́ mi. Ní ọdún tí a bí i, ọ̀dá mú gan-an, àgùntàn kan sì kú sínú ihò yẹn ní oṣù Kẹfà. A mu omi wa bí ìgbà gbogbo, kò sóhun tó ṣe é. Ìgbà tí àárá sán tí òjò ńlá rọ̀ ní oṣù Kẹjọ ni omi ìsun tó bẹ̀rẹ̀ sí rùn. Bí ọ̀dá bá wà, òkè yìí máa ń di omi mú sínú. Òjò ńlá nìkan ló ń lé e jáde.

"Bàbá, ẹ ò sọ èyí fún Dókítà Pym."

"Kò bi mí."

Marian ní kí n máa lọ wo omi náà lójoojúmọ́, kí Enid sì máa kọ ọ́.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Ó mọ́.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrin oṣù Keje

Ó mọ́. Ooru. Omi tó ń jáde kò tóbi ju àtàǹpàkò mi lọ. Èso strawberry Enid pọ̀, a fi ọ̀rá wàrà jẹ ẹ́ títí inú fi ń run wá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹsàn-án

Ìwé ìpè dé sí gbogbo ilé. Ẹgbẹ́ ọdẹ ní pápá abúlé wa ni àwọn á ti ṣe ìdíje ọmọ ajá ti ọdún yìí, ní ọjọ́ kẹtàlélógún, dípò Aldermoor, kí a lè rí i bí ajá wọn ṣe ní ìwà tó. Wọ́n ti pe àwọn ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ tí yóò dìbò lórí ọ̀rọ̀ wa ní Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e. Enid ní wọ́n gbọ́n. Mo ní tíì ọ̀fẹ́ ni èmi á lọ mu.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlélógún

Àárá. Òjò rọ̀ láti ọ̀sán títí di alẹ́, ó tú koríko gbígbẹ Dent ká. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo jẹ́ kó rọ̀ sí mi lójú.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìlélógún

Omi tó ń jáde ti tóbi bí ẹsẹ̀ ẹṣin, funfun, ó ń hó. Mo wò ó ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Ó mọ́.

Bóyá bàbá mi ṣìnà. Bóyá èmi ni. Mo wo àwọn àga, mo wo bẹ́ẹ̀dì, mo ń rò ó bí wọ́n ṣe máa gbé wọn gba pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàlélógún

Enid ti gbẹ́ ẹnu pẹ́ńsùlù rẹ̀ nítorí òní.

Mo wo omi ní aago mẹ́fà àárọ̀. Ó mọ́. Mo wọ kóòtù, mo lọ sí ìdíje náà nítorí pé Hester á lọ, ẹ̀yìn pátápátá ni mo jókòó sí. Ooru mú. Wọ́n ti ta okùn yí pápá ká. Àwọn adájọ́ méjì dé fìlà dúdú líle, Seth wọ ẹ̀wù funfun tó gùn dé orúnkún. Àwọn ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ wà ní iwájú, wọ́n ń jẹ àkàrà òyìnbó, Ìyáàfin Ogden tó jẹ́ alága wọn sì mú kọ́ọ̀bù tíì dání. Gbogbo ilé méje tó tọ́ ajá ló ti múra, wọ́n ń na ọrùn wá ti wọn.

Seth kọ́kọ́ mú àwọn ajá lọ mumi ní ọpọ́n òkúta ẹ̀gbẹ́ pápá, ibi tí páìpù ìsun wa ń dà sí. Mẹ́rìnlá ni wọ́n. Ó wá mú méjì àkọ́kọ́ wọ inú okùn.

Àgbọ̀n ajá méjèèjì ti di àwọ̀ ewé.

Adájọ́ kan bẹ̀rẹ̀, ó wò ó, ó fi áńkáṣífì nù ún. Áńkáṣífì náà di àwọ̀ ewé. Wọ́n pe méjì mìíràn. Bákan náà. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Adájọ́ náà ń wo Seth, Seth ń wo ọpọ́n.

Enid fa apá mi. "Laban. Omi."

Gbogbo wa la lọ síbẹ̀, olówó àti tálákà. Ẹnu páìpù náà ń tú omi tó dà bí ìgò ọtí aláwọ̀ ewé tí oòrùn ń tàn sí. Mi ò rí ohun tó lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ rí. Ìyáàfin Ogden wò ó, ó wo inú kọ́ọ̀bù rẹ̀, ó rọra da tíì náà sórí koríko.

Méjọ̀ la àwọn èèyàn kọjá, ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Iveson, kí lo dà sínú omi yìí?"

Níwájú gbogbo èèyàn. Mo la ẹnu láti pariwo. Seth ló dáhùn, pẹ̀lú okùn ajá lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì.

"Kò da nǹkan kan sí i, ọ̀gá. Ẹ̀gbẹ́ ọpọ́n yìí ni mo wà láti aago mẹ́sàn-án. Inú òkè ló ti ń bọ̀. Àwọ̀ tí ẹ̀yin fúnra yín san owó rẹ̀ ni."

Ilé Méjọ̀ ni Seth ń gbé, oúnjẹ Méjọ̀ ló ń jẹ. Méjọ̀ bẹ̀rẹ̀, ó bu omi náà sí àtẹ́lẹwọ́, ó wò ó títí tó fi jò tán. Ó wá ṣí fìlà rẹ̀ sí mi.

"Mo tọrọ àforíjì, Iveson."

Mo ní kò burú. Ó burú, ṣùgbọ́n ó ti ṣí fìlà.

Wọ́n sì padà lọ parí ìdíje náà, pẹ̀lú àgbọ̀n àwọ̀ ewé. Rosy gba ipò kejì láàárín àwọn abo. Akọ̀wé ka orúkọ ẹni tó tọ́ ọ: "Ìyáàfin H. Iveson, Skelby." Kò sẹ́ni tó rántí yí i padà nínú ìwé. Enid di ọwọ́ kóòtù mi mú, ó tún fi í sílẹ̀, mo sì lọ gba ṣíbí fàdákà tó jẹ́ ẹ̀bùn rẹ̀. Rosy gbé àgbọ̀n rẹ̀ tútù lé mi lórúnkún. Ṣòkòtò tí mo fi sin Hester ni. Àmì náà wà níbẹ̀. Mi ò ní fọ̀ ọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Wọ́n dìbò. Ẹni mẹ́sàn-án ní kí ilé ajá má ṣe wá sí Pápá Gíga, ẹni méjì ní kó wá. Enid sunkún. Mo jẹ abọ́ ẹran àgùntàn méjì.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Omi ti mọ́ padà. Dókítà Pym kọ lẹ́tà pé àwọ̀ náà kì í pani, ó sì tọrọ gáfárà pé òun ò dúró de òjò.

Méjọ̀ fúnra rẹ̀ wá, ó gbé àwòrán ilẹ̀ dání. Àga Hester ló jókòó sí, mi ò sì sọ fún un. Ó ní ajá òun gbọ́dọ̀ kúrò ní Aldermoor kí ọdún tó parí, òun ò sì mọ ibi tó kù. Ó ní, "Ìwọ lo mọ ibi tí omi ń gbà. Fi ibi tí ẹnikẹ́ni ò ti ń mu ún hàn mí."

Mo mú un lọ sí ibi ìwakùsà àtijọ́ ní ẹ̀yìn òkè. Èmi àti bàbá mi ti fọ́ òkúta níbẹ̀. Ibẹ̀ ni omi ti ń wọ odò Brant lóòótọ́, kò sì sí ilé kankan títí dé ìsàlẹ̀. Ó wò ó yí ká, inú rẹ̀ dùn. Mo ní ohun méjì ló kù. Kí omi ilé tí wọ́n á ti máa kun ẹran máa wọ táńkì tó ní ìdérí. Kí wọ́n sì kọ́ ilé ìwẹ̀ Jean Horner kí wọ́n tó kọ́ ilé ajá. Ó rẹ́rìn-ín. Mi ò rẹ́rìn-ín. Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Mo bi í bóyá ó máa lé Seth. Ó ní, "Ta ló máa bá mi tọ́jú ajá?"

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n

Marian dé láàárọ̀. Ó ti gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sínú yàrá tó tún ṣe dè mí ní Leeds. Bó ṣe sọ ọ́ fún mi nìyẹn, ó ń tú ẹrù, kò wo ojú mi. Mo ní ó dára.

Marian, ìwọ ni mo ń bá sọ̀rọ̀ báyìí, bó o tiẹ̀ jókòó síwájú mi tó ò ń bó ẹ̀wà. Mo fẹ́ kó wà nínú ìwé. Lọ́yà tí àwa ilé mẹ́rin lọ bá sọ pé ẹgbẹ́ ọdẹ ṣì ní oṣù mẹ́fà láti pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Méjọ̀ ní òun ò ní ṣe é, mo sì gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n ó ti dàgbà, mi ò mọ ẹni tó máa gba ipò rẹ̀. Lọ́yà tún ní kò sí ibi kankan tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ilé mẹ́rin wọ̀nyí ló ni omi ìsun yẹn. Igba ọdún la ti ń mu ún, a ò kọ ọ́. Ìwé tí a ó fi kọ ọ́ sílẹ̀ pé tiwa ni ti dé, ojú ewé mọ́kànlá, àwọn ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ kò sọ nǹkan kan fún mi. Ojú Enid sì ti ń ro ó.

Ìwọ ló ni ọ̀rọ̀ omi yìí báyìí. Bí wọ́n bá pè ọ́ sí ìpàdé, má pariwo. Ọ̀gbẹ́ni Dent á fẹ́ kí màlúù rẹ̀ náà máa mu níbẹ̀, jẹ́ kó mu. Lọ kí Jean Horner bí wọ́n bá kó dé, bèèrè ilé ìwẹ̀ rẹ̀, fi ojú ara rẹ rí i. Lọ́dọ̀ Seth, òtítọ́ lo máa gbọ́.

Wọ́n ní kí ẹni tó ni ilé kọ orúkọ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ojú ewé tó kẹ́yìn. Mo ti fa àmì àgbélébùú síbẹ̀ dípò orúkọ mi, ó wọ́ díẹ̀. Kọ orúkọ rẹ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ọmọ mi, gbogbo rẹ̀, kó tóbi, kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ mọ ẹni tó ni omi yìí lè kà á.